Ta ló yẹ kó fún wa ní máàkì lórí àṣà aláìsàn?

Arábìnrin kan tó jẹ́ olórí àwọn OT (occupational therapist, àwọn tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀) ní ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá wa ní kí n díwọ̀n bí àwọn OT mẹ́rìnlá tó wà lábẹ́ mi ṣe mọ àṣà àwọn aláìsàn wọn sí, nítorí pé ará Sòmálíà, ará Bangladesh, ará Poland, ará Jàmáíkà àti àwa Yorùbá ló pọ̀ jù ní wọ́ọ̀dù wa. Mo fún wọn ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n fi ń wọn cultural competence. Gbogbo wọn ló gbà ju 80 lọ nínú 100, àfi ẹnì kan tó gba 61. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìdílé méjì kọ lẹ́tà ẹ̀sùn pé a kò ka àwọn sí, pé ohun tí a kọ́ ìyá àwọn kò bá ilé àwọn mu. Ṣé ìwé tí mo lò ni kò dára? Èwo ló péye jù? Kí sì ni kí n ṣe sí ẹni tó gba 61?”

Àbúrò mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórí ni ì bá ti kó máàkì gíga yẹn fún ọ̀gá, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tó ń dà yín láàmú, bí mo ṣe gbọ́ ọ, ni pé ìwé ní àwọn èèyàn yín mọ iṣẹ́ yìí, àwọn tí wọ́n ṣe é fún sì ní wọn kò mọ̀ ọ́n, ẹ kò wá mọ ẹni tí ẹ ó gbà gbọ́. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ìwé yẹn wọn bí ọkàn òṣìṣẹ́ ṣe balẹ̀ sí. Ìdílé méjèèjì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wọn. Ẹni tó bá fi kóńgò ìrẹsì wọn aṣọ kò lè mọ bí aṣọ náà ṣe gùn tó, bí kóńgò ọ̀hún tilẹ̀ péye.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Bí fisíò bá ń wo bí apá àti ẹsẹ̀ ṣe ń gbéra, OT ń wo ohun tí èèyàn fẹ́ fi apá àti ẹsẹ̀ náà ṣe: ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, oúnjẹ jíjẹ, ìdáná, ìrun kíkí, ọjà títà, ọmọ pípọ̀n. Ní 1917 ni àwọn tó dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà pàdé ní Clifton Springs ní ìpínlẹ̀ New York, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé iṣẹ́ ṣíṣe fúnra rẹ̀ ń mú ara dá. Èrò yẹn kò ṣàjèjì sí wa nílé. Nígbà tí Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, àárín ará abúlé ni àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá ń gbé, mọ̀lẹ́bí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń bá ará abúlé lọ sóko. Ohun tí mo ń fà yọ nínú èyí ni pé nígbà tó jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni oògùn wa, a kò lè ya àṣà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ náà. Dókítà lè kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹni tí òun àti rẹ̀ kò jọ jẹun rí. OT kò lè kọ́ èèyàn ní oúnjẹ jíjẹ láìmọ ohun tó ń jẹ, ọwọ́ tó fi ń jẹ ẹ́, àti àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó ti abọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwé ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ cultural competence, tí èmi yóò máa pè ní ìmọ̀ọ́ṣe àṣà, gbilẹ̀ láti 1989, nígbà tí Terry Cross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí bó ṣe yẹ kí àwọn ètò ìtọ́jú ṣe máa sin àwọn ọmọ tó wá láti inú ẹ̀yà tí kò pọ̀. Máàkì tí ẹ sọ jọ ti ìwé tí Josepha Campinha-Bacote, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ṣe. Èyí tó tún ṣe ní 2002 ní ìbéèrè 25, ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì 1 sí 4, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè gbà kéré sí 25 tàbí ju 100 lọ. Nǹkan márùn-ún ló ń wò: bóyá ó ń wu òṣìṣẹ́ náà láti mọ àṣà ẹlòmíràn, bóyá ó mọ ẹ̀tanú ara rẹ̀, bóyá ó ní ìmọ̀ nípa àwọn ẹ̀yà mìíràn, bóyá ó lè ṣàyẹ̀wò wọn bó ṣe yẹ, àti bóyá ó máa ń bá wọn pàdé. Ẹni tó bá gba 75 sí 90 ni wọ́n kà sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tó wà láàárín 51 sí 74 ni ẹni tí ojú rẹ̀ ń là bọ̀. Ìwé mìíràn wà tí wọ́n gbé yẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn OT fúnra wọn, èyí tí Yolanda Suarez-Balcazar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Illinois ní Chicago. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n mú ọ̀kan, èyí ni mo máa mú, nítorí pé lẹ́yìn ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́, ó tún ń béèrè bóyá ibi iṣẹ́ ń ti òṣìṣẹ́ náà lẹ́yìn. OT tí wọ́n fún ní ìṣẹ́jú ogún fún aláìsàn kan, tí kò sí ògbifọ̀ lọ́jọ́ náà, kò lè ṣe ohun tó mọ̀, bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ìwé tó dára jù yìí náà, ẹnu òṣìṣẹ́ ló ti ń gba èsì. Ta la máa bi pé “Ṣé o máa ń bọ̀wọ̀ fún àṣà àwọn ẹlòmíràn?” tó máa ní òun kì í bọ̀wọ̀? Ó mọ ohun tó yẹ kí èèyàn rere dáhùn, ó sì lè dáhùn bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ní 2007, àwọn olùwádìí kan ní Kánádà, tí Zofia Kumaş-Tan àti Brenda Beagan wà lára wọn, kó irú ìwé báyìí 54 jọ, wọ́n sì tú mẹ́wàá tí wọ́n ń lò jù palẹ̀. Wọ́n rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé náà kà sí àṣà kò ju ẹ̀yà àti àwọ̀ ara lọ, pé wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé aláìsàn nìkan ló ní àṣà tí òṣìṣẹ́ kò ní, àti pé bí ara òṣìṣẹ́ bá ti balẹ̀ láàárín àwọn àjèjì, wọ́n á kà á sí pé ó ti mọ iṣẹ́. Ọdún tí mo ka iṣẹ́ wọn ni mo padà lọ wo máàkì tèmi tí mo ti gbà tẹ́lẹ̀, ojú sì tì mí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti bàbá kan.

Ẹ mọ àyẹ̀wò kíṣìnnì tí a máa ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa: a ó ní kí aláìsàn po tíì, bóyá kó yan búrẹ́dì sí i, a ó máa wò bóyá ó mọ ohun tó kàn, bóyá ó lè gbé kẹ́tùlù láìjóná. Bàbá náà jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì wọn. Èmi Yorùbá, tí wọ́n tìtorí èdè fà lé lọ́wọ́, mú wọn wọ kíṣìnnì. Wọ́n dúró. Wọ́n ń wo kẹ́tùlù, wọ́n ń wo mi. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ṣí dúróọ̀ kan, wọ́n sì tún pa á dé. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra wọn, pé wọn kò mọ ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Ọmọbìnrin wọn ló gbọ́ nínú ìpàdé tó fi dìde: “Bàbá mi kò po tíì rí láyé wọn. Màmá ló ń po ó, nígbà tí màmá kú, èmi ni. Ẹ ní kí wọ́n ka owó ṣọ́ọ̀bù wọn fún yín.” A gbé owó ẹyọ àti ìwé gbèsè kalẹ̀. Bàbá kà á, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà nínú ìwé tí a fún wọn. Ọpọlọ wọn pé. Àyẹ̀wò mi ni kò pé, bẹ́ẹ̀ ni máàkì mi lórí àṣà lọ́dún yẹn ga ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ mi lọ.

Ìdí rèé tí mi ò fi fara mọ́ ọn kí olórí máa kó gbogbo aláìsàn Yorùbá fún òṣìṣẹ́ Yorùbá, kó sì rò pé ọ̀rọ̀ àṣà ti yanjú. Èdè kan náà ni èmi àti bàbá yẹn ń sọ. Àmọ́ mo ti kọ́ iṣẹ́ mi débi pé ojú ilé ẹ̀kọ́ ni mo fi ń wo kíṣìnnì. Àlejò ní ojú, kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ilé tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi.

Ibi tó tún burú jù ni pé àṣà tiwa gẹ́gẹ́ bí OT kì í hàn sí wa. Wọ́n kọ́ wa pé àfojúsùn iṣẹ́ wa ni kí aláìsàn lè dá nǹkan ṣe láìnílò ẹnikẹ́ni. Ẹ wo òṣùwọ̀n Barthel, tí a fi ń wọn bí aláìsàn ṣe lè dá tọ́jú ara rẹ̀, tí a ti ń lò láti 1965: ẹni tó bá dá wẹ̀ gba 5, ẹni tí wọ́n bá ràn lọ́wọ́ gba òdo. Ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wẹ̀ fún láràárọ̀, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín nínú ilé ìwẹ̀, gba òdo. Lójú ìyá náà, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ó ti tọ́ ọmọ, ọmọ ń tọ́ ọ. Bí a bá wá ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ ọ láti dá wẹ̀, ó lè rò pé a ń sọ fún òun pé ọmọ òun ti rẹ̀. Michael Iwama, tó jẹ́ OT, ló sọ irú ọ̀rọ̀ yìí síta láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 2006 lórí àwòṣe tí wọ́n ń pè ní Kawa, ìyẹn odò, ó fi ayé èèyàn wé odò tó ń ṣàn láàárín àpáta, etí odò àti igi tó léfòó. Omi kò dá ṣàn, ohun tó yí i ká ló ń sọ bó ṣe máa ṣàn. Síbẹ̀, ẹ má ṣe sọ èyí di òfin. Mo ti rí ìyá Yorùbá kan tó fẹ́ dá wẹ̀ ju ohunkóhun lọ nítorí pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, ojú sì ń tì í. Ẹni tó bá ti há a sórí pé “àwọn Yorùbá máa ń fẹ́ kí ọmọ wẹ̀ wọ́n” ti ṣi ìyá yẹn gbà kó tó dé ibùsùn rẹ̀.

Àṣìlóye mìíràn tí mo fẹ́ tú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń fún òṣìṣẹ́ ní àkójọ: Mùsùlùmí máa ń ṣe báyìí, ará Ṣáínà máa ń ṣe tọ̀hún. Àkójọ bẹ́ẹ̀ ń gbé máàkì sókè kíákíá, nítorí pé ìwé ìbéèrè ń béèrè bóyá èèyàn ní ìmọ̀ nípa àwọn ẹ̀yà. Ní 1998, àwọn dókítà méjì ní California, Melanie Tervalon àti Jann Murray-García, ní ohun tí a nílò ni ìrẹ̀lẹ̀ nípa àṣà, ẹ̀kọ́ tí kì í parí, tí òṣìṣẹ́ fi ń yẹ ara rẹ̀ wò níwájú aláìsàn. Ṣáájú wọn, ní New Zealand, nọ́ọ̀sì Māori kan tó ń jẹ́ Irihapeti Ramsden ti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó gba ìtọ́jú nìkan ló lè sọ bóyá ìtọ́jú náà kò ba iyì òun jẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, gbólóhùn Ramsden ló ti iṣẹ́ mi sọ́nà jù. Tó bá jẹ́ aláìsàn ló ni ìdájọ́, kí ló dé tí a fi ń fún òṣìṣẹ́ ní gègé kó fi fún ara rẹ̀ ní máàkì?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì, tí mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti bá pàdé. Màmá kan tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn ń fi síbí jẹun lọ́wọ́ òsì dáadáa níwájú wa. OT tó ń kọ́ wọn fi inú dídùn kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti lè dá jẹun. Nígbà tí wọ́n délé, wọn kì í jẹun bí àlejò bá wà, wọ́n sì ń rù. Nínú ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé ẹnìkan kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀, kí màmá àgbà máa fi òsì bu oúnjẹ lójú àwọn ọmọ ìjọ tó wá kí wọn? Kò sí ọ̀kan nínú ìbéèrè 25 yẹn tó lè fi èyí hàn, nítorí pé OT náà bọ̀wọ̀ fún màmá, ó gbọ́n, ó sì nífẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tí kò ṣe ni pé kò béèrè. Ìgbà tí a béèrè, ọ̀nà yọ: a fi okùn dè síbí mọ́ ọwọ́ ọ̀tún tí kò le dáadáa, kí òsì máa tì í lẹ́yìn bí àlejò bá wà, kí wọ́n sì máa lo òsì nígbà tó bá ku àwọn nìkan. Pásítọ̀ wọn náà bá wọn sọ̀rọ̀ pé àìsàn kò bá èèyàn jiyàn èèwọ̀. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì pé pérépéré, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń rọ́kà kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ọmọrogùn nílò ọwọ́ méjì.

Kí ẹ tó wọn àwọn èèyàn yín, ẹ wọn àwọn irinṣẹ́ tí ẹ kó fún wọn. Àyẹ̀wò ọpọlọ MoCA tí wọ́n gbé jáde ní 2005 ní kí aláìsàn pe orúkọ kìnnìún, àgbáńréré àti ràkúnmí látinú àwòrán, kó ya aago, kó ya àpótí. Ẹni tí kò mú pẹ́ńsù rí máa kùnà, kì í ṣe nítorí pé ó ń gbàgbé. Àwọn olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ lórí àìsàn ìgbàgbé àwọn àgbà ní Ìbàdàn rí ìṣòro yìí tipẹ́. Olusegun Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò kan jáde ní 2005 níbi tí wọ́n ti ń fi igi ìṣáná to àwòrán dípò kí wọ́n ní kí arúgbó fi pẹ́ńsù yà á. Igi ìṣáná ni ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀. Bí OT yín bá ń lo àyẹ̀wò tí kò yẹ nítorí pé òun nìkan ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tirẹ̀, máàkì rẹ̀ kò sì lè fi í hàn.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Ẹ má sọ ìwé ìbéèrè nù. Ẹ lo èyí tí wọ́n ṣe ní Chicago, kí wọ́n kọ ọ́ láìkọ orúkọ, ẹ má sì fi to èèyàn sí ipò kìíní àti ìkẹyìn. Ẹ wo ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dípò àròpọ̀. Bí mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá bá ní àwọn kì í rí ògbifọ̀ lásìkò, ẹ ti rí ohun tí ẹ máa gbé lọ bá ọ̀gá yín nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí fáìlì. Ibí yìí ni mo ti máa ń lo àkókò mi jù, nítorí pé fáìlì kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú ayé. Ẹ mú ogún fáìlì àwọn tó ti lọ sílé láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ bo orúkọ òṣìṣẹ́, kí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó fi èsì yín wéra. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni kọ èdè tí aláìsàn ń sọ nílé sílẹ̀? Ta ló gbifọ̀? Mo ti rí fáìlì níbi tí ọmọ ọdún méjìlá ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ fún bàbá rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ sì kọ ọ́ pé “mọ̀lẹ́bí ṣe ìrànwọ́”. Ṣé ohun tí aláìsàn fẹ́ wà níbẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, àbí gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń kọ sí fáìlì gbogbo èèyàn? Bí òṣìṣẹ́ bá yí àyẹ̀wò padà, bíi kó lo ìrẹsì sísè dípò tíì pípò, ṣé ó kọ ìdí rẹ̀? Ṣé a bi Mùsùlùmí bó ṣe ń ṣe àlùwàlá àti bó ṣe ń dìde nílẹ̀ lẹ́yìn ìrun, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ló ń ṣe é, ju iye ìgbà tó ń wẹ̀ lọ? Ogún fáìlì kò tó láti fi dá ẹnì kan lẹ́bi, ó sì tún kéré jù láti fi ẹ̀yà kan wé òmíràn. Ó tó láti fi mọ ibi tí ihò wà.

Ibi kẹta ni aláìsàn fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ṣòro jù. Irinṣẹ́ kan wà tí ẹ ti ní lọ́wọ́, òṣùwọ̀n COPM tí àwọn ará Kánádà gbé jáde ní 1991. Aláìsàn ló ń sọ iṣẹ́ tó jẹ ẹ́ lógún, ló ń fún ara rẹ̀ ní 1 sí 10 lórí bó ṣe ń ṣe é àti bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ OT gbà pé bó bá fi 2 lọ sókè, ìyàtọ̀ ti dé. Kì í ṣe ìmọ̀ọ́ṣe àṣà ló ń wọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń fipá mú òṣìṣẹ́ láti gbọ́ kó tó ṣe. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: fífún ara ẹni ní nọ́ńbà ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ àgbà wa. Bí ẹ bá bi bàbá kan pé “mélòó nínú mẹ́wàá?”, ó lè dáhùn pé “Ọlọ́run ń ṣe é.” Òkúta mẹ́wàá tàbí ẹ̀wà lórí tábìlì máa ń ràn án lọ́wọ́, kó ya iye tó bá fẹ́ sọ́tọ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rò nípa òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà má ṣe béèrè fúnra rẹ̀. Ìwọ̀sí ni lójú àgbà Yorùbá láti bu ẹni tó ṣe é lóore kù. “Wọ́n gbìyànjú, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn” ni ẹ máa gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga ìwẹ̀ tí ẹ fún wọn ti di ibi tí wọ́n ń kó aṣọ lé. Èmi kì í béèrè bóyá inú wọn dùn mọ́. Ìbéèrè tèmi ni: “Kí ni wọ́n kọ́ yín níbẹ̀ tí ẹ kì í ṣe nílé?” Mo sì máa ń béèrè lọ́sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n ti délé, ní èdè wọn, láti ẹnu ẹni tí kò tọ́jú wọn. Ìbéèrè yẹn kò ní kí wọ́n bu ẹnikẹ́ni kù, ìtàn ilé nìkan ló ń béèrè, ìtàn náà ló sì máa ń gbé àṣírí jáde.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára ọ̀rọ̀ yìí mọ. Àwọn tó ṣàkójọ ìwádìí lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ọ́ṣe àṣà ní 2005, Mary Catherine Beach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wo ìwádìí 34. Wọ́n rí i pé ìmọ̀ àti ìwà òṣìṣẹ́ ń dára sí i, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi hàn pé ara aláìsàn tìtorí rẹ̀ yá sí i. Àkójọ ti 2014 láti ọ̀dọ̀ Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkójọ ìwádìí lórí ìtọ́jú, rí ìwádìí márùn-ún péré tó bá ìlànà rẹ̀ mu, ẹ̀rí wọn kò sì lágbára. Nítorí náà, bí ọ̀gá yín bá béèrè bóyá gbígbé máàkì láti 80 sí 90 máa dín iye aláìsàn tó ń padà wá sí wọ́ọ̀dù kù, ẹ sọ fún un pé kò sí ẹni tó lè ṣèlérí yẹn. Ohun tí mo sọ nípa fáìlì àti ìbéèrè ilé, ìrírí ọdún púpọ̀ ló kọ́ mi, mo sì ti rí i kó kùnà níbi tí olórí ti kó ohun tó bá nínú fáìlì di pàṣán.

Ní ti ẹni tó gba 61, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìyà jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé òun ló rò ó jù, tó rántí aláìsàn tí òun ṣì gbà tó fi fa máàkì ara rẹ̀ wálẹ̀. Mo ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dára, tí máàkì àwọn tó gbà á fi wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí ohun tí wọn kò mọ̀ ṣe pọ̀ tó ni. Nítorí èyí, nígbà tí ẹ bá tún wọn wọ́n lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹ bi wọ́n léèrè nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ibo ni ẹ wà báyìí, àti pé bí ẹ ṣe wá mọ̀ ọ́n yìí, ibo lẹ rò pé ẹ wà tẹ́lẹ̀? Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni 61 yìí, ẹ ní kó sọ fún yín nípa aláìsàn kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Èsì rẹ̀ á sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín ju ìbéèrè 25 lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OT nílé, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó, náà máa ń bi mí bóyá ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo aláìsàn wọn. Ó kàn wọ́n gan-an. Alágbẹ̀dẹ ará Nupe, ìyá ọlọ́jà ará Ọnítṣà àti ọmọ báńkì tó dàgbà sí Lẹ́kí lè sùn sí wọ́ọ̀dù kan náà, kí ohun tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ń pè ní “mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́” má jọra rárá. Òwò ọjà nílò kí èèyàn lè jókòó sórí àpótí kékeré fún wákàtí mẹ́wàá. Èwo nínú àyẹ̀wò wa ló ń wo ìyẹn?

Ní tiyín, àbúrò mi, ìdílé méjì tó kọ lẹ́tà ẹ̀sùn yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ra ìwé ìbéèrè mìíràn. Ẹ ka fáìlì àwọn ìyá méjèèjì kí ẹ tó lọ. Ẹ mú ògbifọ̀ tó gba ẹ̀kọ́ dání, kí ọmọ ilé má ṣe túmọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi kíṣìnnì, ilé ìwẹ̀ àti ibi tí ìyá ń jókòó sí hàn yín, kí ẹ sì bá OT tó tọ́jú wọn lọ, kó gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Bí ìyá bá ṣì fẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà lákọ̀tun láti orí ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá dárúkọ lọ́jọ́ yẹn.